Ohùn Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi Nínú Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta

Fìdítì ni bàbá mi ń gbé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, iṣu ló ń gbìn báyìí. Èmi ń gbé ní Ìlọrà, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà. Mò ń tú u, mò ń tò ó, títí ó fi yé mi. Nígbà tí mo rí i pé kọ̀ǹpútà bàbá mi, tèmi nílé àti ti ibi iṣẹ́ lè jọ máa lo fódà kan ṣoṣo, ara mi ò gbà á mọ́. Bí èèyàn bá fi fáìlì sínú rẹ̀ ní Fìdítì, yóò gòkè lọ sí ibi ìpamọ́ kan lórí ayélujára, ibẹ̀ ni ti Ìlọrà àti ti Ọ̀yọ́ yóò ti fà á. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti dọ́gba, àmì kékeré aláwọ̀ ewé yóò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà náà. Mo fẹ́ràn àmì yẹn púpọ̀.

Ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin la kó síbẹ̀. Òun nìkan ló kù tó mọ oríkì ilé wa délẹ̀. Bàbá mi fi fóònù gbà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n parí ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo ṣàlàyé ètò náà fún bàbá mi, ó ní, "Ó dà bí ìgbà tí mo kó èbù pamọ́ sí àká àbúrò mi. Bí iná bá jó tèmi, tirẹ̀ ń bẹ." Àgbẹ̀ ọ̀dọ̀ wa kì í kó gbogbo èbù iṣu sójú kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ṣí fódà náà níbi iṣẹ́. Òfìfo ni. Àmì aláwọ̀ ewé sì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mọ́ rekete. Mo pe Fìdítì.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé ẹ fọwọ́ kan fódà Màmá?"

"Mo gbálẹ̀ ibẹ̀ ni. Kọ̀ǹpútà mi ti kún, ó ń wọ́ bí ìgbín. Mo pa àwọn ohùn yẹn rẹ́. Ṣebí wọ́n wà lọ́dọ̀ rẹ?"

"Wọn ò sí mọ́, sà. Bí ẹ ṣe pa á rẹ́ lọ́dọ̀ yín ló ṣe parẹ́ lọ́dọ̀ gbogbo wa."

"Irú àká wo nìyẹn? Mo kó iṣu kúrò nínú tèmi, ti àbúrò mi wá ṣófo?"

Ìbéèrè náà tọ́. Àká kan ṣoṣo tó ní ilẹ̀kùn mẹ́ta ni mo fún un. Ètò náà kì í bèèrè bóyá ire ni ìyípadà tàbí ibi. Kí ibi gbogbo ṣáà ti dọ́gba.

Mo gba ojú ìwé ibi ìpamọ́ náà wọlé lórí ayélujára. Wọ́n máa ń tọ́jú ohun tí a pa rẹ́ fúngbà díẹ̀ kó tó lọ pátápátá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà.

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yín o."

"Mo ti pa á. Mo ti yọ wáyà rẹ̀ pàápàá. Ṣé kí n gbé e sóde ni?"

Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Mo dá wọn padà, mo sì dà wọ́n kọ sórí díìsìkì kan tí kì í bá ayélujára ṣe rárá. Ìyẹn gan-an ni àká kejì.

Bàbá mi ò tiẹ̀ bèèrè bí mo ṣe ṣe é. Ó ní kí n gbé láptọ́ọ̀pù mi bọ̀. Nígbà tí mo dé Fìdítì, a jọ wọ yàrá Màmá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ara yín."

Mo tan ohùn náà. Ẹnu Màmá ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣáájú ohùn tó wà nínú ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, bàbá mi, nínú ẹ̀rọ náà, ní kó tún ibì kan kì. Ohùn Màmá dá a lóhùn pé, "Tíṣà tí kì í gbọ́ lẹ́ẹ̀kan! Àwọn ọmọ tó o kọ́ mà rí ìyà o!"

Màmá fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Bàbá mi dá ohùn náà padà síbi èébú yẹn, ó ní, "Ẹ tún bú mi, ẹ̀gbọ́n mi."