Ofataìmù Ìbàdàn, Ofataìmù Ṣómólú

Nígbà tí mo kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ṣómólú, nǹkan mẹ́ta ni mo kó wá: báàgì aṣọ kan, ọdún mọ́kànlá tí mo ti fi ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, àti òfin ofataìmù tí mo rò pé gbogbo ayé ló ń tẹ̀ lé e. Báàgì ya lọ́jọ́ tí mo dé Palmgrove. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ gbè mí. Òfin yẹn ló kù díẹ̀ kó dá mi padà sílé.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọ̀gá wa lẹ bébà kan mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà méjì lọ. Aago márùn-ún la ó máa ṣíwọ́. Wákàtí kan téèyàn bá fi ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, owó wákàtí kan àbọ̀ ni yóò gbà. Kò sẹ́ni tó ń bẹ ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó ń jiyàn. Bí oṣù bá parí, owó ofataìmù á ti wà lórí owó oṣù. Ó pẹ́ tí mo ti ń wo bébà yẹn débi pé mo gbà pé ìjọba ló kọ ọ́.

Iṣẹ́ ló dín kù ní Ìbàdàn tí mo fi wá sí Èkó. Ìyàwó mi àti ọmọbìnrin wa dúró sílé, àdéhùn wa sì ni pé kí n wá yàrá sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé ní sáà tuntun, torí ọmọ náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo rí yàrá kan ní Bàrígà, nílé ìyá ẹlẹ́ja kan tó wá láti etí òkun Oǹdó. Mo san ìlàjì owó ilé, ìyá náà sì ní òun á dá yàrá dúró dè mí títí oṣù á fi parí. Ìyàwó mi ò fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún mi lórí fóònù.

"Tí ilé ìwé bá wọlé tẹ́ ẹ ò tíì gba kọ́kọ́rọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ nílé. Mi ò lè máa fi fóònù bá yín tọ́ ọmọ."

Owó oṣù mi nìkan ò lè parí owó ilé yẹn. Ofataìmù ni mo gbójú lé.

Lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, ọjọ́ mẹ́ta ni mo dúró kọjá aago márùn-ún. Mo ń kọ wákàtí mi sínú ìwé kékeré kan, mo sì ń fi rúlà fàlà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó di Fúráìdè, mo gbé ìwé náà lọ bá ọ̀gá tuntun. Ó wò ó bí ẹni ń wo rìsíìtì ọjà tí kò rà.

"Kí lèyí?"

"Wákàtí ofataìmù mi ni, sà. Mẹ́jọ ni. Tẹ́ ẹ bá fi ààbọ̀ kún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó di méjìlá."

"Ta lo bá ṣàdéhùn?"

"Àdéhùn kẹ̀? Ṣebí òfin ni."

Ọ̀gá fi gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ó fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ní ṣọ́ọ̀bù yìí, òun kọ́ ló ń sanwó ofataìmù. Oníbàárà tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ òun jáde lọ́jọ́ náà ló ń san án, àwa òṣìṣẹ́ la sì máa bá a dunàádúrà kí aago márùn-ún tó lù. "Tó bá ti lù tí o ò sọ nǹkan kan," ó ní, "àánú lo ṣe é."

Bàbá tó ń gé bébà, tó ti wà ní ṣọ́ọ̀bù náà kí n tó mọ̀wé kà, bú sẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí. "Wákàtí mẹ́jọ àánú! Ará Ìbàdàn, ọ̀run lo máa ti gbowó ẹ."

Inú bí mi. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé iṣẹ́ ọwọ́ ni mo kọ́, mi ò kọ́ agbe, àti pé ẹni tó bá mọyì iṣẹ́ kò yẹ kó dúró dìgbà tí wọ́n bá béèrè owó kó tó san án. Ọ̀rọ̀ ìgbéraga ni. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú ń tì mí. Láti kékeré ni ẹnu mi kì í gbà láti pe iye owó síta.

Bàbá agébébà ò níṣòro yẹn ní tiẹ̀. Bó bá ti di aago mẹ́rin ààbọ̀, á dìde, á bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìgboro rẹ̀, bọ́tìnì kan lẹ́yìn òmíràn, láìsọ̀rọ̀. Bó bá fi máa dé bọ́tìnì kejì, oníbàárà á ti fò dìde: "Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?" Ní bọ́tìnì kẹta, wọ́n á ti fẹnu kò sí iye kan. Mi ò rí i kó dé bọ́tìnì kẹrin rí. Èmi máa ń jókòó jẹ́ẹ́, ohun tí bàbá bá sì gbà fún wa ni mo máa ń gbà, díẹ̀díẹ̀, oṣù sì ń lọ.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù parí nígbà tí olùkọ́ yunifásítì kan láti Akọka gbé ìwé wá. Ìwé nípa ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ni, ó fi Yorùbá kọ ọ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lè kà á. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n fẹ́ ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀. Sátidé la wà, aago méjì la sì ń ṣíwọ́ ní Sátidé, ìwé ò sì tíì dé ìlàjì lórí ẹ̀rọ.

Ní aago kan ààbọ̀, bàbá agébébà dìde sí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Olùkọ́ náà ń wá àṣìṣe nínú ojú ìwé, kò gbójú sókè. Bọ́tìnì kejì lọ, ẹ̀kẹta lọ. Bàbá wúkọ́. Nígbà tó dé bọ́tìnì ọrùn, olùkọ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ bá mi kí ilé." Ó wá yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ẹ bá mi fara dà á títí di aago mẹ́fà. Nítorí mẹ̀kúnnù ni. Ọlọ́run á san án fún yín."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbóná lára mi. Mo rántí pé orí kẹrin ìwé náà, tí mo tẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, dá lórí ofataìmù. Mo fa ojú ìwé kẹtàlélógún yọ, mo gbé e sókè, mo sì kà á sókè ketekete, kí ayé lè gbọ́ nípa wákàtí kan àbọ̀ mi.

Wákàtí kan àbọ̀ ò sí níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tó bá kọjá àkókò tí a fohùn ṣọ̀kan lé ni ofataìmù, ṣùgbọ́n òfin ò dá iye owó rẹ̀. Àdéhùn ló ń dá a.

Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àṣé inúure ọ̀gá mi àtijọ́ ni mo ń pè ní òfin gbogbo ìlú! Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Aago ògiri ku ìṣẹ́jú méje kó lù.

"Tó bá jẹ́ àdéhùn ni, sà," mo ní, "ẹ jẹ́ ká ṣe é."

Iye kan ṣoṣo tó wà lọ́kàn mi ni ìyókù owó ilé Bàrígà. Mo sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí tèmi àti ti bàbá, mo sì pè é síta. Olùkọ́ gba ojú ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí gíláàsì fi yọ̀ kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹlẹgbẹ́ mi mẹ́fà ni mo fún níwèé yìí kà. Kò sẹ́ni tó dé ojú ìwé kẹtàlélógún. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ẹ sì ti fi mú mi."

Ó dunàádúrà, mo dunàádúrà. Ó gé ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò, mo jẹ́ kó gé e, torí owó oṣù tó ń bọ̀ lè dí ihò tó kù. Bàbá agébébà ń kùn bó ṣe ń bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ gbá mi léjìká.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, mo pe ìyàwó mi.

"Ẹ̀rọ ló ń dún yẹn?" ó ní. "Ní Sátidé? Ọ̀fẹ́ lẹ tún ń ṣe?"

"Rárá o. Mo dunàádúrà."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè fún bàtà ìgbéyàwó wa?"

"Èmi náà ni. Owó ilé ti pé. O lè bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù."

"Mo ti dì í láti Túsìdé," ó ní. "Ìkòkò kan ló kù níta, òun la fi ń se oúnjẹ."