Ìṣirò Ooru ní Yàrá Wa ní Ajégúnlẹ̀

Wọ́n sin àbúrò mi ọkùnrin ní oṣù tó kọjá. N kò tíì sunkún. Mò ń jẹun, mò ń sùn, mò ń jí.

Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, yàrá kan ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Orúkọ gbogbo ayálégbé ilé náà ṣì wà lẹ́nu mi, yàrá kan tẹ̀lé òmíràn, ṣùgbọ́n n kò ní kọ wọ́n síbí. Èmi ń ránṣọ ní Málù Róòdù. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Òun jẹ́ akọ̀wé tálì ní wáàfù Àpápá, òun ló ń ka ẹrù bí wọ́n ṣe ń já a látinú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò kẹ́mísírì. Ó ní bí òun kò bá yege lẹ́ẹ̀kẹta, òun ò tún ní ṣíwèé mọ́, wáàfù ni òun máa kú sí.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń se ìrẹsì lórí sítóòfù lẹ́nu ọ̀nà, òun ń ṣírò ooru gáàsì méténì tó ń jó. Nínú ìwé rẹ̀, wọ́n kọ iye ooru tí wọ́n fi dá ohun kọ̀ọ̀kan sí i lára. Ti méténì jẹ́ 75, ti gáàsì tí iná náà ń tú jáde 394, ti omi 286, omi sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Gbogbo wọn ló ní àmì àyọkúrò níwájú. Ọ́síjìn jẹ́ òdo.

"Àǹtí, mo ti rí i. 891, àmì àròpọ̀ ló wà níwájú ẹ̀."

"Kí nìyẹn wí?"

"Pé ó ń fa ooru mọ́ra."

"Iná tó ń jó ló ń fa ooru mọ́ra? Ó dáa, alákọ̀wé, gbọ́wọ́ ẹ lé sítóòfù yìí ká wò ó bóyá á tutù."

Alágbàfọ̀ tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa bú sẹ́rìn-ín. "Sìsí, àbí firíìjì lẹ rà ni?"

Àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. "Báyìí náà ni mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejèèjì," ló wí.

Mo bi í bó ṣe yọ ọ́. Ó ní òun mú ti ìbẹ̀rẹ̀, òun yọ ti ìparí kúrò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní wáàfù: iye ẹrù tí ìwé ọkọ̀ kọ, yọ iye tó gúnlẹ̀ kúrò, èyí tó ṣẹ́ kù ló sọnù. Lójoojúmọ́ ló ń ṣe é. Àmọ́ ìwé kẹ́mísírì ní kó mú ti ìparí, kó yọ ti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yí i padà. 891 náà ni, ṣùgbọ́n àmì àyọkúrò ló bọ́ síwájú ẹ̀ wàyí. Ooru ń jáde.

Ó yege. Yunifásítì Ìbàdàn gbà á, ó sì lọ. Ó di olùkọ́ lọ́hùn-ún, ó fẹ́yàwó lọ́hùn-ún, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Kò tún bá mi gbé mọ́. Lọ́jọ́ tó lọ, mo ká ẹní rẹ̀, mo gbálẹ̀ ibi tó máa ń tẹ́ ẹ sí, mo wá lọ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi.