Oògùn Ọ̀rá àti Ìgò Sódàbì

Irọ́ tí mo pa fún dókítà kò ju gbólóhùn kan lọ. Mo ní, "Èmi kì í mutí." Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ru ẹrù gbólóhùn yẹn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Nísinsìnyí tí mo ti darúgbó, tí kò sí ẹni tó lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ju èmi fúnra mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Aránṣọ ni mí ní Tokpota, níbí ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti tó bí ọdún mẹ́ta tí àwọn ológun ti gbàjọba, gbogbo ènìyàn ló sì ń pe ara wọn ní kamarádì. Bí o bá wọ ọ́fíìsì ìjọba, kí o tó kí ẹnikẹ́ni pé ẹ kú àárọ̀, wọ́n fẹ́ kí o kọ́kọ́ kígbe pé o ti ṣe tán fún ìyípadà. Èmi ò bá ìyípadà jà ní tèmi. Kákí ni àwọn kamarádì ń wọ̀, èmi ni mo sì ń rán an. Ìyàwó mi a jókòó sí ẹnu ọ̀nà ìsọ̀, a máa dá ihò bọ́tìnì, rédíò a máa pariwo ní Faransé lórí tábìlì, èmi a máa fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ mi lọ. Ayé tù mí lára nígbà náà, n kò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n mo ní àṣírí kan. Mùsùlùmí ni mí, ọmọ Mùsùlùmí. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ẹ̀gbẹ́ ládàánì gan-an ni mo máa ń dúró sí, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí wa, a ó sì bọ ara wa lọ́wọ́ ká tó túká. Ní ọjọ́ ọjà Avrankou ẹ̀wẹ̀, màá di ṣòkòtò ọmọdé mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, màá gbé e lọ tà. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń sè sódàbì, ìyẹn ògógóró tiwa tí wọ́n ń sè láti ara ẹmu. Bí ọjà bá ti tú, ẹ̀yìn ahéré rẹ̀ ni ẹ ó ti bá mi. Ife kékeré mẹ́ta, nígbà mìíràn mẹ́rin. Lẹ́yìn náà á bá mi rọ ìgò kékeré kan kún fún àwọn ọjọ́ tí kò sí ọjà, màá tọ́jú rẹ̀ sínú àpò àwọn ègé aṣọ lábẹ́ ẹ̀rọ. Kí n tó gun kẹ̀kẹ́ padà sílé, màá ju kànáfùrù sẹ́nu, màá máa rún un títí màá fi wọ Tokpota. Èmi rò pé ọgbọ́n ni.

Dókítà yẹn ló wá mi wá, kì í ṣe èmi ni mo wá a lọ. Ọmọ apá òkè orílẹ̀-èdè wa ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ẹ̀kọ́ dé, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gùn. Ó wá dá kákí. Bí mo ṣe ń wọn ọrùn rẹ̀, ojú mi ni ó tẹjú mọ́. Ó na ìka, ó fọwọ́ kan abẹ́ ìpéǹpéjú mi níbi tí ara ti wú díẹ̀díẹ̀, tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí òróró tó dì. Faransé tèmi kò kọjá apá, èjìká àti "ẹ padà wá lọ́la," nítorí náà n kò mọ ohun tó ń bi mí. Ó kọ ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́. Ìyàwó mi gbà á, ó fi han olùkọ́ tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n ní ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń retí mi lọ́jọ́ Ajé.

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n gbé e lọ sí Kútọnu. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní kí n wọlé, mo ṣì ń rún kànáfùrù mi. Mo rí nọ́ọ̀sì tó fẹ́ máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún wa. Ọmọ ládàánì ni. Ọmọ tí mo rán aṣọ ìkómọ fún, tí mo rán aṣọ ilé-ìwé fún, òun ló wá dúró síbẹ̀ nínú aṣọ funfun. Ó kúnlẹ̀ kí mi níwájú dókítà.

Ó ní, "Bàbá, ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ọkàn. Dókítà máa fún yín ní oògùn tí yóò máa fà á wálẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ń bi yín, ṣé ẹ máa ń mutí?"

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú tí mo wò nígbà yẹn, ojú bàbá rẹ̀ ni mo rí níbẹ̀, imú kan náà, iwájú orí kan náà. Mo rò ó pé tí n bá sọ òótọ́ ní àárọ̀ yìí, kí ìrun Àsárì tó tó, ó ti dé mọ́ṣáláṣí.

Mo ní, "Ọtí kẹ̀? Ọmọ mi, ṣé o ò mọ̀ mí ni? Èmi kì í mutí."

Ó tẹrí ba. Ó yíjú sí dókítà, ó sì bẹ̀rẹ̀ Faransé. Gbólóhùn kan ni mo sọ, ṣùgbọ́n Faransé tó fi gbé e gùn bí okùn kànga. Dókítà wò mí, ó mi orí, ó mú kálámù, ó kọ nǹkan sínú káàdì mi. Mo sọ nínú ara mi pé bí Faransé ṣe rí nìyẹn, kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ ní kúkúrú.

Nígbà tí ó ń sìn mí jáde, ó rọra sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ̀dọ̀ ló ń gba oògùn yìí, ẹ̀dọ̀ náà ló ń gba ọtí. Bí ẹrù méjèèjì bá jọ dé bá a, apá rẹ̀ kì í ká a, ó sì lè pa iṣan ara lára. Tí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ kan tó ń lo irú oògùn yìí, tó sì ń mu sódàbì, ẹ bá mi sọ fún un kó jáwọ́."

Mo ní n kò ní irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ní, "Ẹ ṣáà bá mi wò ó, bàbá. Ó lè wà nítòsí."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń lo oògùn nìyẹn. Ká sọ tòótọ́, ó dùn mọ́ mi díẹ̀. Mo gbé ìgò oògùn sí ẹ̀gbẹ́ rédíò kí àwọn oníbàárà lè máa rí i. Mo ní kí ìyàwó mi má din ẹja mọ́, kó máa sè é lásán. Mo kọ ẹran ọlọ́ràá, mo kọ àdí, mo kọ ẹyin. Mo fi ètè sílẹ̀, mo ń pa làpálàpá. Ní ti sódàbì, mo ti bá ara mi ṣe ìpàdé lórí rẹ̀: àárọ̀ ni mò ń lo oògùn, ìrọ̀lẹ́ ni mò ń mutí, wọn ò lè pàdé lọ́nà. Mo gbà á gbọ́ pátápátá.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé oṣooṣù ni wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ mi. Ọkùnrin kan láti Djègan-Kpèvi ń lo oògùn kan náà, a jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ni, ó lé ní oṣù mẹ́ta tí wọn ò gún un lábẹ́rẹ́. Èmi nìkan ni wọ́n mọ̀. Kóró oògùn tèmi kò tó tirẹ̀, àmọ́ abẹ́rẹ́ tèmi ju tirẹ̀ lọ. Mo délé, mo fi ẹ̀dùn sun ìyàwó mi. Mo ní wọ́n ní ìyípadà ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó dà bíi pé ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín, ó ń dá ihò bọ́tìnì rẹ̀ lọ.

Oṣooṣù náà ni ọmọ ládàánì ń bi mí, "Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́, bàbá?" Ìgbà àkọ́kọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà kejì, mo ní mo ti sọ fún ọ pé n kò ní ọ̀rẹ́. Ìgbà kẹta, mo kanra mọ́ ọn. Mo rò pé ọmọ náà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ní oṣù karùn-ún, ilé-ìwé kan gbé iṣẹ́ kákí ọmọ ilé-ìwé fún mi, iṣẹ́ tó pọ̀ ju èyí tí mo tíì gbà rí lọ, wọ́n sì fẹ́ ẹ kí wọ́n tó wọlé ẹ̀kọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dáàlì, tí itan mi kọ̀. Ó ń ro mí bí ẹni tó fi gbogbo òru gúnyán. Mo sinmi, mo tún gbìyànjú, ẹ̀rọ náà yí lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró. Nígbà tó di ọ̀sán, n kò lè dìde lórí àpótí láìdi tábìlì mú. Ní mọ́ṣáláṣí, mo forí kanlẹ̀, mo sì pẹ́ níbẹ̀ ju gbogbo ènìyàn lọ. Wọ́n rò pé ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni. Ẹsẹ̀ ni kò gbé mi dìde.

Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀rù bà mí gidi. Aránṣọ tí kò lẹ́sẹ̀, kí ló kù? Mo jókòó, mo ń wo ìtì kákí tí wọ́n kó jọ sí igun ìsọ̀, omi sì dé ojú mi.

Ìyàwó mi gbé àpótí tirẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ó ti ẹsẹ̀ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé pẹ́dáàlì. Ó ń wà á, èmi ń darí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ní àkọ́kọ́, ó ń yá jù, òwú ń já, mo ń jágbe mọ́ ọn. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti ọwọ́ mi mọ ara wọn. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èjìká wa ń kan ara wọn, àwọn tó ń kọjá sì ń fi wá ṣe ẹ̀fẹ̀ pé tọkọtaya ń gun kẹ̀kẹ́ kan lọ sí Kútọnu.

Lọ́jọ́ kẹta, ó dá ẹsẹ̀ dúró. Ó ní, "Bàbá wọn, ìgò tó wà nínú àpò ègé aṣọ yẹn, èmi ni mò ń gbé e kúrò tí mo bá ń gbálẹ̀, èmi ni mò ń dá a padà. Mi ò bá yín sọ ọ́, torí pé ọkọ mi lẹ jẹ́. Ẹsẹ̀ mi ni mo lè yá yín. Ẹnu mi ò lè bá yín lọ sọ ọ́ fún dókítà."

N kò lè wò ó lójú. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a, tèmi kò sì rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo fi igi tí a fi ń wọn aṣọ ṣe ọ̀pá, mo rìn lọ sí ilé ìwòsàn. Kí n tó jókòó, mo ní kí ọmọ ládàánì ti ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ọmọ mi, sọ fún dókítà pé mo máa ń mutí. Sódàbì ni. Mo purọ́ fún un. Kó jọ̀wọ́, kó bá mi wo ẹsẹ̀ mi."

Ó mú káàdì mi lórí tábìlì, ó ṣí i sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó fi ìka lé ìlà kan.

Ó ní, "Bàbá, mo ti sọ fún wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Òun ló wà níbí yìí: ó ń mutí, ojú ń tì í láti sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dín oògùn yín kù, tí wọ́n sì ń wo ẹ̀jẹ̀ yín lóṣooṣù. Ta ló ń jẹ kànáfùrù ní aago mẹ́jọ àárọ̀, bàbá? Èmi rò pé ẹ ti gbọ́ mi nígbà tí mo ń bi yín léèrè ọ̀rẹ́ yín."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ọmọ yìí sọ ààbọ̀ fún mi, èmi àgbà sì gbé e jókòó ní ààbọ̀. Ojú tì mí débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, dókítà tí kò gbọ́ nǹkan kan sì bá wa rẹ́rìn-ín.

Wọ́n dá oògùn náà dúró fún ìgbà díẹ̀. Èmi fúnra mi da ìgò kékeré yẹn nù sẹ́yìnkùlé lójú ìyàwó mi. Ó ju oṣù kan lọ kí ẹsẹ̀ mi tó padà sórí pẹ́dáàlì, ìyàwó mi ló sì wa ẹ̀rọ títí kákí ilé-ìwé náà fi parí. Lẹ́yìn náà, wọ́n tún fún mi ní oògùn, mo ń lò ó lóun nìkan, ọ̀rá náà sì ń wálẹ̀. Mo ṣì ń lọ sí Avrankou. Ọkùnrin onísódàbì a máa gé àgbọn fún mi, a máa ṣàánú mi, èmi náà a máa ṣàánú ara mi díẹ̀.

Ní Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí mo jẹ́wọ́, ládàánì bọ̀ mí lọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ó béèrè ẹsẹ̀ mi, ó ṣàdúà fún mi, kò mọ nǹkan kan. Oṣù márùn-ún ni àṣírí tí mo ń fi pa mọ́ fún un ti fi ń sùn tó ń jí nínú ilé rẹ̀, lẹ́nu ọmọ rẹ̀, tí kò sì jáde.

Nígbà tí mo tún lọ gba oògùn, ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́, bàbá?"

Mo ní, "Ó kí ọ, ọmọ mi. Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ."