Oògùn Mẹ́ta Lára Àbúdùlàhí Agbẹ́sàréè

Òkú kì í ba Àbúdùlàhí lẹ́rù. Ó ní òkú kì í bú èèyàn, kì í yájú, kì í sì í béèrè pé ìgbà wo nìwọ náà ń bọ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní géńdé ló ti ń gbẹ́ sàréè l'Ọ̀mù-Àrán. Bàbá rẹ̀ ló gbẹ́ ti àwọn bàbá, òun náà wá ń gbẹ́ ti àwọn ọmọ wọn, kò sì sí ìdílé Mùsùlùmí kan ládùúgbò yẹn tí kò tíì bá gbẹ́lẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí kò fi ní ọ̀tá. Ta ni yóò lọ bá ẹni tó máa wọn gígùn rẹ̀ jà?

Sìgá ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá jìn dé orúnkún, á fa ọ̀kan. Bó bá dé ìbàdí, á tún fa òmíràn. Nígbà tó bá fi máa wọlẹ̀ tán pátápátá, èéfín nìkan lèèyàn á máa rí tó ń rú jáde látinú kòtò, débi pé àlejò tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè rò pé iná tí alùfáà ń sọ nínú wáàsí ti ń ti ibẹ̀ jó bọ̀, kí òkú tó dé rárá. Lèmọ́mù bá a sọ ọ́ títí. Àbúdùlàhí ní èéfín ló ń lé ejò. Lèmọ́mù ní òun ò gbọ́ ọ rí pé ejò bu ẹnikẹ́ni jẹ níbẹ̀. Àbúdùlàhí ní ẹ ò wá rí i pé ó ń ṣiṣẹ́.

Ikọ́ ló kó bá a. Safiyyah, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé l'Ékòó, wálé wá ṣe Iléyá, ó sì gbọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń wúkọ́ nínú balùwẹ̀ bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo fẹ́ tán nínú ẹ̀. Ó ní bí wọn ò bá jáwọ́ nínú sìgá, sàréè tí wọn yóò gbẹ́ kẹ́yìn, tara wọn ni. Bàbá ní ìyẹn náà dára, ó kéré tán wọn ò ní gbẹ́ ẹ wọ́. Safiyyah ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo bàbá rẹ̀ títí omi fi lé ròrò lójú rẹ̀, Àbúdùlàhí sì rí i pé àwàdà ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Ó ṣèlérí pé òun yóò gbìyànjú.

Bí Safiyyah ṣe padà s'Ékòó ló fi pílásítà kan ránṣẹ́ sílé. Kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń bo ojú egbò. Nikotíìnì ló wà lára rẹ̀, ìyẹn èròjà inú sìgá tó ń de èèyàn mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé lórí fóònù pé kí wọ́n máa lẹ ọ̀kan mọ́ apá tàbí àyà láàárọ̀, níbi tí kò sí irun, kí èròjà náà lè máa wọ ara díẹ̀díẹ̀, kí ara má baà béèrè èéfín mọ́. Wọn ò gbọdọ̀ mu sìgá lé e lórí. Bó bá sì ń dí oorun lọ́wọ́, kí wọ́n máa ṣí i kúrò tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Bí Àbúdùlàhí ṣe máa ń gbọ́ wáàsí ọjọ́ Jímọ̀ ló ṣe gbọ́ gbogbo rẹ̀: ó ń mi orí, ọkàn rẹ̀ sì wà níbòmíràn.

Ẹnu ya gbogbo àdúgbò, pílásítà náà ṣiṣẹ́. Ọkùnrin tí èéfín kì í dá lẹ́nu rẹ̀ wá ń gbẹ́lẹ̀ látòkè délẹ̀ láìtan ìṣáná. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pinnu pé irú nǹkan rere báyìí kò yẹ kó kúrò lára òun rárá. Ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra jí, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ra sùn.

Oorun bá fi í sílẹ̀. Ojú rẹ̀ á là kalẹ̀ bíi ti ẹja tútù inú abọ́. Bó bá sì jàjà sùn, àlá ni yóò máa lá, àlá tó mọ́lẹ̀ kedere bíi tẹlifíṣọ̀n. Àwọn tó ti sin ni wọ́n ń wá fẹjọ́ sùn ún. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ òun ń kan ògiri. Òmíràn ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbé òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó òun, torí ohun tí òun tìtorí ẹ̀ kú nìyẹn. Jàrátù ìyàwó rẹ̀ nìyà ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ, nítorí òun ni Àbúdùlàhí máa ń jí pé kó gbọ́ ohun tí òkú wí. Ó rán ọkọ rẹ̀ létí pé òun ò fẹ́ agbẹjọ́rò, agbẹ́sàréè lòun fẹ́. Nígbà tó sú u, ó lé e lọ sọ́dọ̀ Ambrose.

Ambrose ló ni ilé kẹ́mísì tó wà lójú ọ̀nà Òrò. Ìjọ Àgùdà ló ń lọ, ọmọlúàbí ni, ẹnu rẹ̀ sì dùn, àmọ́ kì í béèrè ọ̀rọ̀. Bó o bá ní orí ń fọ́ ọ, oògùn orí ni. Bó o bá ní ìyàwó rẹ ò gbọ́ràn, yóò wá nǹkan fún ọ lórí pẹpẹ. Àbúdùlàhí ní òun ò rí oorun sùn, Ambrose sì di hóró oògùn oorun sínú ọ̀rá fún un. Kò béèrè ohun tó wà lára rẹ̀, Àbúdùlàhí náà kò sì ronú pé pílásítà lè jẹ́ oògùn. Ó mu hóró oògùn náà, ó sùn díẹ̀, ó sì ń bá pílásítà rẹ̀ lọ lójoojúmọ́. Ọ̀kan ń jí i, èkejì ń mú un sùn.

Àsìkò náà ni Alhaji Adéyanjú kú l'Ékòó. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó lówó ni, ó sì tóbi. Àwọn ẹbí pe ilé pé àwọn ń gbé e bọ̀, kí sàréè náà jìn, kó sì fẹ̀, torí bàbá ò fẹ́ràn ibi tó há. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ ti gan bí àpáta. Àbúdùlàhí gbẹ́ ẹ títí ó fi kù díẹ̀, ló bá tẹ̀ láti gbé òkúta kan, iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ bá sún kì. Ó di kókó bí okùn tí ewúrẹ́ ti lọ́ mọ́ èèkàn. Kò lè nàró, kò lè jókòó. Bó ṣe tẹ̀ yẹn náà ló ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ Ambrose, àwọn tó pàdé rẹ̀ lọ́nà sì rò pé ó ń wá owó tó jábọ́ ni.

Ambrose fún un ní oògùn tó ń dẹ iṣan, ó ní kó lọ dùbúlẹ̀ sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni Àbúdùlàhí kò gbọ́. Òkú olówó ti wà lójú títì, ìsàlẹ̀ sàréè kò sì tíì dọ́gba. Ó lo oògùn náà. Nígbà tí ẹ̀yìn ṣì ń ta á, ó rò ó pé bí oògùn oorun bá lè mú ara sùn, ó yẹ kó lè mú ìrora náà sùn, ó bá da hóró oògùn oorun tó kù lé e. Pílásítà tó wà lápá rẹ̀ náà, ó ṣí i, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó ń dùn ún lẹ́yìn, torí lójú tirẹ̀, pílásítà ni pílásítà ń jẹ́. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó tún ìsàlẹ̀ ṣe tán. Ilẹ̀ ibẹ̀ tutù, oòrùn òkè sì mú gan-an. Ó ní kí òun fi ẹ̀yìn kan ilẹ̀ díẹ̀ kí òkú tó dé.

Òkú tètè dé. Wọ́n ti kírun sí i lára tán ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì ń gbé e bọ̀ lórí àga òkú. Abdulrasaq, àkọ́bí Alhaji, ló ṣáájú pẹ̀lú jígí dúdú lójú, tó fẹ́ lọ wò ó bóyá iṣẹ́ náà dára. Ó bẹjú wo inú kòtò. Ó rí ọkùnrin kan tó nà gbalaja, tó fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀, tó sì kọjú sí Gábàsì bó ṣe yẹ kí Mùsùlùmí rere ṣe, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀rù ò kọ́kọ́ ba Abdulrasaq. Inú ló bí i. Ọmọ onílé l'Ékòó ni, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kí wọ́n ta ilẹ̀ kan fún ẹni méjì.

Ó yíjú padà, ó ní, "Ta ló ti gbé òkú tiwọn sínú ilẹ̀ bàbá mi?"

Lèmọ́mù sún mọ́ ọn, ó wò ó dáadáa, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó sọ fáwọn èèyàn pé Àbúdùlàhí ni, pé ó ti kú sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo wọn ké ìnnálílàhi. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sàdáńkátà fún un pé ikú tó dáa ló kú. Alàgbà kan dá a lábàá pé kí wọ́n kúkú wẹ̀ ẹ́ kíá, kí wọ́n kírun sí òun náà lára, torí ẹsẹ̀ ń dun òun, òun ò lè tún padà wá lọ́la. Ẹlòmíràn ní ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá gbẹ́ ti agbẹ́sàréè? Orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà tí òkú inú kòtò fi han orun.

Èmi ò sọ pé gbogbo èèyàn sá. Lèmọ́mù dúró, ó ní òun ò lè fi òkú méjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó gbé àga òkú sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí òkìtì yẹ̀pẹ̀, Ọlọ́run ṣe é, Alhaji kò yí. Abdulrasaq ti dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kó tó rí i pé bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ òun. Inú mọ́tò tó wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀, Alhaja Ràfátù, jókòó sí pẹ̀lú ìbòrí ọ̀fọ̀ rẹ̀. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé ẹnì kan ti ń sùn níbi tí wọ́n fẹ́ tẹ́ ọkọ rẹ̀ sí.

"Bó ṣe máa ń rí náà nìyẹn," ló wí. "Ibi yòówù tí Alhaji bá fẹ́ sùn, èèyàn ti máa ń wà níbẹ̀."

Wọ́n fa Àbúdùlàhí jáde. Wọ́n gbọ̀n ọ́n, wọ́n da omi lé e lójú, àmọ́ kò lè dúró, mímí rẹ̀ sì ń falẹ̀. Ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu gbogbo wọn. Ọ̀kan nínú mọ́tò àwọn ará Èkó ló gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn tó kù sì sin Alhaji síbi tí ara ẹlòmíràn ti mú lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹnì kan náà ló lọ sọ fún Jàrátù pé ọkọ rẹ̀ ti kú, pé kò kú, pé wọ́n ti gbé e lọ. Jàrátù ní kó lọ jókòó kó mú ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí òun tó mọ irú ẹkún tí òun máa sun. Bó ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ náà ló ń wọ bàtà. Ó kó gbogbo oògùn tó rí nínú yàrá sínú ọ̀rá, ó sì gun ọ̀kadà lọ bá a.

Dókítà Rhoda ló tọ́jú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fi í sílẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ mímí rẹ̀, títí ojú rẹ̀ fi là dáadáa. Ó wá wo ohun tó wà nínú ọ̀rá Jàrátù, ó wo pílásítà tó wà lẹ́yìn Àbúdùlàhí, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ṣàlàyé fún wọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Pílásítà yẹn kì í ṣe ti ẹ̀yìn ríro, sísùn tí wọ́n sì ń fi í sùn ló lé oorun lọ tó sì kó àwọn òkú wá sójú àlá. Ká ní wọ́n ń ṣí i kúrò lálẹ́ ni, wọn ò ní nílò oògùn oorun rárá. Oògùn oorun àti oògùn tó ń dẹ iṣan sì rèé, ìsàlẹ̀ làwọn méjèèjì ń fa ara lọ. Béèyàn bá pa wọ́n pọ̀ láìgbàṣẹ dókítà, wọ́n lè fà á débi tí yóò gbàgbé láti mí.

"Bàbá," ló wí, "oorun tẹ́ ẹ sùn yẹn, díẹ̀ ló kù kó má ní jíjí."

Nígbà tí dókítà jáde tán ni Àbúdùlàhí sọ fún Jàrátù pé ohun kan wà tó ń dẹ́rù ba òun. Ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ kú. Ó ní bí ara ṣe tu òun tó nísàlẹ̀ yẹn ni. Jàrátù dì í lọ́wọ́ mú, ó ní kó máa sun orí bẹ́ẹ̀dì, torí ìdí tí àwọn fi rà á nìyẹn.

Wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì wálé. Dókítà kọ́ ọ bó ṣe yẹ kó máa tẹ orúnkún kó tó gbé nǹkan, ó ní kó máa fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi gbígbóná jó ẹ̀yìn, kó sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ dípò kó máa nà sílẹ̀. Pílásítà ń bá a lọ, àárọ̀ ni yóò lẹ̀ ẹ́, yóò ṣí i bó bá fẹ́ sùn, wọ́n sì ń dín agbára rẹ̀ kù bí àkókò ti ń lọ. Oorun padà wá fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, níbi ìsìnkú kan l'Ómùpo, tó bọ́ sẹ́yìn ilé lọ tọrọ sìgá lọ́wọ́ awakọ̀ kan. Ó fà á dé ìdajì, ó ní bíi táyà tí wọ́n dáná sun ló rí lẹ́nu òun, ó sì sọ ọ́ nù. Òun fúnra rẹ̀ ló pe Safiyyah láti jẹ́wọ́, Safiyyah sì ní kò burú, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ padà lọ́la.

Ambrose náà yí padà. Ó wá ń béèrè ọ̀rọ̀. Lónìí, bó o bá fẹ́ ra oògùn inú rírun níbẹ̀, wàá kọ́kọ́ sọ ohun tó o jẹ, ohun tó o mu, oògùn tó wà nílé, àti ẹni tó kú nínú ẹbí rẹ. Àwọn kan ti ń lọ rajà lọ́nà Àjàṣẹ́ nítorí ẹ̀.

Ní ti Àbúdùlàhí, sìgá ti kúrò lọ́rọ̀ rẹ̀ pátá, ikọ́ sì ti rọlẹ̀. Ohun tí kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún Jàrátù ni pé bí èéfín bá kúrò lẹ́nu èèyàn, ahọ́n á jí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn ni Àbúdùlàhí ti ń jẹ ọbẹ̀ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, tí obìnrin náà sì rò pé ó dùn mọ́ ọn ni. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì, tó wojú àwo, tó sì béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá bí irú inú ọbẹ̀ ṣe máa ń kéré tó nìyí. Jàrátù gbé ṣíbí ìrobẹ̀ lé e lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń se ọbẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀. Mo ti jẹ ẹ́ rí. Kò burú, àfi iyọ̀ tó pọ̀ jù.