Púrógíráàmù Tí Ọ̀rẹ́ Mi Bá Mi Túmọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀gbẹ́dá, kí fóònù tó di ohun ọwọ́ gbogbo èèyàn, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló wà níbi tí mo ti ń kọ́ ọ. Ó ti gbó ṣá. Bí ẹ bá tàn án, ẹ lè jẹ ẹ̀bà tán kó tó jí. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ìyá mi ń ránṣọ ní Dópẹ́mu, àwọn abiyamọ tó bí ìbejì ló sì pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé aṣọ ìbejì kì í yàtọ̀ síra. Ìyá mi á wọn àwọn méjèèjì, á wá fi ìwọ̀n èyí tó tóbi jù gé aṣọ méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó fi ọ̀kan ju ìkejì lọ. Mo kó ọgbọ́n yìí sínú púrógíráàmù, ìyẹn àṣẹ tí a ń kọ fún kọ̀ǹpútà láti tẹ̀ lé. Tí ẹ bá ṣí i, yóò kọ́kọ́ bi yín pé, "Ṣé ìbejì ni?" kó tó sọ iye yáàdì tí ẹ máa rà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi kọ ọ́.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà ra tuntun. Ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ èdè tí mo fi kọ tèmi rárá. Ọ̀gá wá ní ẹni tí púrógíráàmù rẹ̀ bá kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lòun máa gbà kó máa kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Iṣẹ́ yẹn jẹ mí lọ́kàn gan-an.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, a sì jọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Òun ti ń kọ́ èdè ẹ̀rọ tuntun. Ó ní, "Gbé ìwé tó o kọ ọ́ sí wá jàre, jẹ́ n bá ẹ túmọ̀ ẹ̀. Ṣé mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo gbé e fún un.

Ní Sátidé, mo bá èrò nídìí ẹ̀rọ tuntun, ọ̀rẹ́ mi ló jókòó sí i. Mo yọjú, mo rí i: "Ṣé ìbejì ni?" Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ṣe é."

Ọ̀gá gba ìwé mi tí ọ̀rẹ́ mi ti dá padà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ọ̀rẹ́ mi kọ, ó wò ó títí. "Kò sí ìlà kan tó jọra níbẹ̀. Ìwọ náà wò ó."

Òótọ́ ni. Èdè ti yàtọ̀.

"Ti ìbejì yẹn ńkọ́, sà?"

Ọ̀rẹ́ mi ló fèsì. "Àbí ìyá ẹ nìkan ló ń ránṣọ fún ìbejì l'Ékòó?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó sì gba ọ̀rẹ́ mi síṣẹ́.

Mo délé, mo rò ó fún ìyá mi. Ó la ẹnu sílẹ̀. "Ọ̀rẹ́ ẹ mà wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ìwọ lo rán òun. Gbogbo ohun tó bi mí nípa ìwọ̀n ni mo sọ."

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ kọ lórí fóònù níbí ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà n'Ígàndó, ẹnikẹ́ni ò ní jókòó bá yín túmọ̀ rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin gbáko la tún fi gbé ilé kan náà, ìlẹ̀kùn kọjú sí ìlẹ̀kùn. Àràárọ̀ ló ń kí mi, mo sì ń dá a lóhùn. Títí wọ́n fi kó lọ, kò sọ "má bínú" rí.