Bàbá Ìyàwó Mi àti Apá Ìràwọ̀

Ní 1969, ìjọba àpapọ̀ gbé mi wá sí Pọtakọ́tì láti máa kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Kò pẹ́ tí ọmọ ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní GRA fi wọ̀ mí lójú, mo sì fẹ́ fẹ́ ẹ. Bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ohunkóhun wọlé láìtú u wò. Bó ṣe ń tú ẹrù ní èbúté ló ṣe tú èmi náà.

Ìràwọ̀ ni mo fẹ́ fi gbayì lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ wo ìwà òmùgọ̀. Mo ní àìmọye ìràwọ̀ ló ń yí ojú kan po, wọ́n sì tò bí apá gígùn tó ká bí ìkarahun ìgbín. Mo ní àwọn tó wà nítòsí àárín á ti yí po tán kí àwọn ti ìta tó dé ìdajì.

Bàbá gbé ife tíì kalẹ̀. "Wait first. Tí ti inú bá ń yára ju ti ìta lọ, ṣé apá yẹn ò ní lọ́ pọ̀ títí á fi pòórá ni? Kí ló dé tó ṣì wà níbẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà."

"Ẹni tí ò mọ ohun tó ń sọ ló fẹ́ fẹ́ ọmọ mi? Abeg, lọ wá ìdáhùn kí ìkórè ìjọ wa tó dé."

Inú bí mi gidigidi, pàápàá nítorí pé òótọ́ ló sọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, gbogbo ìjọ àwa Yorùbá ń jó yí ilé ìjọsìn po, pẹ̀lú iṣu àti pákí láti ìlú Isiokpo lórí. Bàbá gbé ikùn síwájú, ó ń jó bí ẹni tó ń wọn ilẹ̀. Ẹni tó bá lé e bá, á rọra bá a jó díẹ̀, á wá àyè, á kọjá lọ, ẹlòmíì á sì dé. Èrò kò tán lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àwọn kan náà. Nígbà tó jókòó sinmi, wọ́n tú ká. Ó dìde, wọ́n tún ṣù jọ.

Mo sáré bá a. "Sà, mo ti rí i! Apá yẹn kì í ṣe ti àwọn ìràwọ̀ kan pàtó. Ibi tí wọ́n ti ń fún pọ̀ ni. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde, apá ṣì wà. Tó bá tú, òmíì á tún yọ. Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Bàbá wẹ̀yìn, ó tún wo iwájú. Ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ijó ti lọ jìnnà níwájú.

"So na me block road?" Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́. Lẹ́yìn náà ló wò mí lójú. "Ìwọ ńkọ́? Wọ́n lè gbé ẹ kúrò ní Pọtakọ́tì lọ́la. Ṣé o fẹ́ bá wa jó díẹ̀, kó o wá kọjá lọ ni?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ dúró ni."

Ó gbé iṣu orí rẹ̀ lé mi lórí. "Oya, dey my side."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ rẹ̀ jó kọjá lára wa, tó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọdọ̀ yára ju bàbá rẹ̀ lọ.