Ọ̀rọ̀ Tí Mo Sọ ní Bodè Nepal

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé ọ̀wọ̀ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ní Woolwich ni, nítòsí bárékè, níbi tí mo ti ń tọ́jú bàbá arúgbó kan, ọmọ Nepal, tó ti bá àwọn òyìnbó ṣiṣẹ́ ológun rí. Daddy ni mo ń pè wọ́n. Kí ni ǹ bá tún pè wọ́n? A kì í pe àgbà lórúkọ nílé wa.

Àìsàn ti wọ bàbá lára. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń fẹ́ ni kí wọ́n fojú kan ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó tọ́ wọn dàgbà lórí òkè, kí wọ́n tó kú. Ọmọbìnrin wọn ní Thamesmead ní iṣẹ́ ò jẹ́ kí òun ráàyè, ló bá bẹ̀ mí pé kí n sìn wọ́n lọ. Inú mi dùn, àfi bí ẹni pé wọ́n fi mí jẹ oyè.

A wọ bàálù dé Íńdíà. Bàbá ní ojú irin tó gbé àwọn jáde nílé léwe làwọn fẹ́ bá padà, la bá wọ ọkọ̀ ojú irin, ooru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sè wá jinná. Nígbà tí a dé bodè, ọlọ́pàá bi mí pé kí ni bàbá jẹ́ sí mi.

"He is my Daddy, sir."

Ó wo ojú mi, ó wo ojú bàbá, ó wo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà tó wà lọ́wọ́ mi. Ló bá ní mo jí arúgbó gbé. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé pé gbogbo àgbà ni Daddy wa, bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ń dojú rú. Bàbá fẹ́ gbè mí lẹ́yìn, ikọ́ ò jẹ́. Ibẹ̀ la sùn, orí bẹ́ǹṣì, nítorí ọmọ wọn ò gbé fóònù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó fi wá sílẹ̀.

Mọ́tò ń pọ́n òkè lọ nínú òjò. Bàbá nawọ́ sí ilé kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ búlúù, wọ́n ní, "Home." Kí a tó débẹ̀, ọwọ́ yẹn ti tutù mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n wọn ti ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà láti àná, pẹ̀lú òdòdó tí wọ́n fẹ́ fi kọ́ bàbá lọ́rùn. Òdòdó náà ti rọ. Wọ́n sọ̀rọ̀, awakọ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Mama asks, where is his child?" Ọ̀rọ̀ tó yá mi lẹ́nu ní bodè kọ̀, kò jáde mọ́.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Títí di òní, inú ń bí mi sí ọlọ́pàá yẹn, ó ń bí mi sí ọmọ tí kò gbé fóònù, ó sì ń bí mi sí ẹnu ara mi. Mister ni mo ń pe bàbá mìíràn tí mo ń tọ́jú báyìí. Lọ́jọ́ sí, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé, tí a jọ ń ṣe care, gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó ya ẹnu.

"Ah, Auntie! Ẹ ò ní respect fún àgbà rárá."

Mo ní kó bá mi gbé omi gbígbóná wá.